Kó o tó sanwó fún ẹni tó máa mú ọ kiri ilé ọtí ní Budapest

Àbúrò, o ní o fẹ́ ti Leeds lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Budapest, olú ìlú Hungary, ìwọ nìkan, o ò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. O wá ń béèrè bóyá kó o sanwó fún àwọn tó máa ń kó àlejò jọ lálẹ́, tí amọ̀nà kan á máa mú wọn láti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn, àbí kó o kàn dá jáde. Àwọn kan ti sọ fún ọ pé ìnákúnàá owó ni. Èmi ti bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní Budapest àti ní Prague, mo sì ti dá rìn nílùú méjèèjì. Lójú tèmi, san án, àmọ́ alẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni kó o san án fún, kó o sì fi sọ́kàn pé àwọn tí ẹ ó jọ rìn ni owó rẹ ń bá ọ wá. Ọtí, o lè fọwọ́ ara rẹ rà á. Ìlú náà, wàá padà lọ wò ó tí ilẹ̀ bá mọ́.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹ ó pàdé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n á fi bébà aláwọ̀ kan yí ọrùn ọwọ́ yín ká, wọ́n á ní kí kálukú sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá. Lẹ́yìn náà ni wákàtí tí wọ́n fi ń polówó gbogbo nǹkan: mu gbogbo ohun tó o bá lè mu, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ ó wá wọ ilé ọtí méjì tàbí mẹ́ta sí i, wọ́n á máa fún yín ní ife kékeré ọtí líle bí ẹ bá ṣe ń wọlé, ilé ijó kan lẹ sì máa parí sí. Amọ̀nà á ní ọpẹ́lọpẹ́ òun tẹ́ ẹ fi wọlé láìtò. Ó lè jẹ́ òótọ́ ní Sátidé. Láwọn ọjọ́ mìíràn, ẹ ò tiẹ̀ ní rí ẹni tẹ́ ẹ máa tò sí lẹ́yìn.

Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ilé ọtí tó ń gba irú èrò yìí sábà máa ń fún àwọn tó kó wọn wá ní nǹkan tiwọn. Ibi tí ọjà rẹ̀ ń tà fúnra rẹ̀ ò nílò yín. Ibi tó ṣófo ló nílò yín. Torí náà, kó o tó sanwó, béèrè orúkọ àwọn ilé ọtí tí wọ́n máa lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá dá ọ lóhùn tààrà, bá a lọ. Ẹni tó bá ń fọ́nnu nípa "ibi tó lárinrin jù" láìdárúkọ ẹyọ kan, fi í sílẹ̀.

Wákàtí ọ̀fẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún jù. Lálẹ́ kan báyìí, ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó ti pápákọ̀ òfurufú bọ́ síbẹ̀ tààrà, kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Wọ́n gbé vodka kan tí wọ́n ti po nǹkan aládùn pupa mọ́ wá nínú jọ́ọ̀gì, ló bá ń dà á sọ́fun. Nígbà tá a fi máa dé ilé ọtí kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Amọ̀nà wò ó, ó wo aago, ó ní àwọn tó kù ń dúró, pé kí ẹnì kan bá òun jókòó tì í, òun ń bọ̀. A ò rí i mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi àti obìnrin kan tó wá láti Spéènì la jókòó pẹ̀lú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Wesselényi utca (utca ni wọ́n ń pe títì níbẹ̀), a yí i dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èébì má bàa há a lọ́fun. Fóònù rẹ̀ ti kú, kò sì lè pe orúkọ ibi tó dé sí. Obìnrin yẹn ló tú àpò rẹ̀ tó rí káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá, orúkọ họ́sítẹ̀lì wà lára rẹ̀. Takisí méjì wo ṣòkòtò ọmọ náà, wọ́n wakọ̀ wọn lọ. Ẹ̀kẹta gbà láti gbé wa, ìyẹn lẹ́yìn tá a ti bá a tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó.

Ṣó o rí i, má fi ara rẹ sọ́wọ́ amọ̀nà. Iye èrò tó bá kó dé ilé ijó ni ọ̀gá rẹ̀ máa bi í. Kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ibi tó o dé sí sórí bébà, kó o fi sápò. 112 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá di kí ni ká ṣe. Àwọn tó bá fojú jọ èèyàn gidi nínú ẹgbẹ́ náà, gba nọ́ńbà WhatsApp wọn nílé ọtí àkọ́kọ́, nígbà tí ojú ṣì dá.

Kó o sì jẹun kó o tó jáde, jọ̀ọ́. Ní Kazinczy utca, ọgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Karaván, ọkọ̀ oúnjẹ ló kúnnú rẹ̀. Ra lángos níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ni wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n dín nínú òróró, bíi puff-puff tí ẹnì kan jókòó lé mọ́lẹ̀, àmọ́ kò ní ṣúgà ní tiẹ̀. Wọ́n á fi omi áyù pa á lójú, wọ́n á da kíríìmù kíkan sí i, wọ́n á wá rin wàràkàṣì lé e títí o ò fi ní rí ìyẹ̀fun ọ̀hún mọ́. Ẹyọ kan tó ọ.

Ní ti ọtí, èyí tí ìlú náà fi ń yangàn kì í sí nínú jọ́ọ̀gì ọ̀fẹ́. Pálinka ni kó o béèrè. Ìdílé ògógóró ni, èso ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, òfin wọn sì ní agbára ọtí inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ dín sí 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti szilva, ìyẹn plum, ni mo fẹ́ràn. Gbóòórùn rẹ̀ ná, kó o wá máa fi ètè tọ́ ọ wò, bí gbogbo ẹgbẹ́ bá tiẹ̀ ń pariwo pé kó o dà á mì lẹ́ẹ̀kan. Unicum náà wà, ó dúdú, ó korò, ewé àti egbò tó lé ní ogójì ló wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo yín, ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ń fún lágbo láti kékeré nìkan ni ò ní fajú ro. Bó o bá sì fẹ́ bá wọn dé òpin láìsùn sórí tábìlì, fröccs ni kó o máa pè: wáìnì tí wọ́n fi omi sódà là. Èyí tí wọ́n ń pè ní nagyfröccs, wáìnì deci 2 ni (deci kan jẹ́ ìdá mẹ́wàá lítà), sódà 1. Hosszúlépés ni tèmi, wáìnì deci 1, sódà 2. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé omi lò ń mu.

Tẹ́ ẹ bá mu bíà, amọ̀nà á sọ fún yín pé ará Hungary kì í gbá ife bíà pọ̀ mọ́ra. Gbogbo wọn ló máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní nígbà tí ìjọba Austria pa ọ̀gágun 13 nílùú Arad lọ́dún 1849, àwọn tó pa wọ́n gbá ife bíà láti fi yọ̀, làwọn ará Hungary bá búra pé àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún 150 ọdún. Ìbúra náà ti pé tipẹ́, àmọ́ mo ṣì rí bàbá àgbàlagbà kan tó fa ife tiẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ọ̀kan lára wa na tirẹ̀ sí i.

Àdúgbò tí gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ni Erzsébetváros, àgbègbè keje, lápá Pest, ìyẹn ìhà ìlà oòrùn odò Danube. Àdúgbò àwọn Júù ni tẹ́lẹ̀. Sínágọ́gù ńlá Dohány utca tí wọ́n ṣí lọ́dún 1859 wà níbẹ̀. Lápá ìparí ọdún 1944, wọ́n mọ ògiri yí apá kan àdúgbò náà ká, wọ́n sé àwọn Júù mọ́bẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Soviet fi dé ní January 1945. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ di àwókù. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í háyà àwọn àgbàlá ahoro yẹn lówó pọ́ọ́kú, wọ́n kó àga àlòkù sí i, wọ́n ń ta ọtí. Romkocsma ni wọ́n ń pe irú ilé ọtí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rìn ò ní rí ìyẹn gbọ́, ariwo ò ní jẹ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kó o dá padà lọ lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti Szimpla Kert, Kazinczy utca nọ́ńbà 14, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2004. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ààrò ni ilé yẹn rí. Àárín rẹ̀ ò ní òrùlé gidi. Mọ́tò Trabant kan wà nínú àgbàlá, wọ́n ti gé òkè rẹ̀ kúrò, inú rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń jókòó mu ọtí. Wọ́n gé ọpọ́n ìwẹ̀ onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ ọ́ di àga gígùn. Tó bá di òru, ẹnì kan á máa gbé kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ti bó kiri láàárín àwọn tó ń mutí, ó ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì ń rà á! Mi ò mọ ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń fi kárọ́ọ̀tì tútù ti ọtí lẹ́yìn. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ibẹ̀ kan náà di ọjà àwọn àgbẹ̀, wàràkàṣì, oyin, ẹ̀fọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà wá ń bọ̀, èyí tí àwọn tó dá ọ lóhùn ò lè mọ̀ tí wọ́n bá jẹ́ òyìnbó. Nígbà tí mo wà láàárín ẹgbẹ́, báńsà kan ò wojú mi lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo dá padà sí ọ̀kan lára ibi tá a ti jó, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní àwọn kan ti gba gbogbo ilé fún àríyá tiwọn. Mo dúró díẹ̀ ní òdìkejì títì. Àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́rin dé, wọ́n wọlé, wọn ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Mi ò bá a jà, mo gba Szimpla lọ, ẹnikẹ́ni ò dá mi dúró níbẹ̀. Àmọ́ bó o bá ń wá ìdí tí aláwọ̀ dúdú tó dá nìkan wà fi lè sanwó fún ẹgbẹ́ lálẹ́ àkọ́kọ́, òun nìyẹn. Àwọn tó o bá mọ̀ lálẹ́ yẹn lẹ ó jọ máa jáde láwọn ọjọ́ tó kù, láìsí amọ̀nà.

Tí ọmọbìnrin méjì tó rẹwà bá dá ọ dúró ní Váci utca, tí wọ́n ní àwọn mọ ilé ọtí kékeré kan nítòsí, kí wọn o dáadáa, kó o máa bá tìrẹ lọ. Ìwé owó tí wọ́n máa gbé wá níbẹ̀ lè gbé gbogbo owó báńkì rẹ mì, gìrìpá ọkùnrin á sì sìn ọ́ dé ìdí ATM. Ogbó jìbìtì ni, iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà níbẹ̀ ti fìgbà kan gbé orúkọ irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ jáde. Nílé ọtí gidi náà, tí ẹ̀rọ káàdì bá bi ọ́ bóyá pọ́n-ùn tàbí forint, ìyẹn owó ilẹ̀ Hungary, forint ni kó o tẹ̀.

Òfin wọn ní kí àjèjì máa mú ìwé ìdánimọ̀ rìn. Bó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lo fi ń rìn, tí físà Schengen wà nínú rẹ̀, má fi sínú jákẹ́ẹ̀tì tó o máa bọ́ sọ́rùn àga. Àpò inú tó ní síìpù ni kó wà. Bó bá sọ nù, kò sí bó o ṣe máa dé Leeds lọ́jọ́ Ajé. Tó o bá ń padà sílé lóru, tírámù nọ́ńbà 6 kì í sùn, ó ń lọ ó ń bọ̀ lórí Nagykörút, òpópónà ńlá tó rọ̀gbà yí àárín ìlú Pest ká, títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Kó o sì rẹ ohùn sílẹ̀ nínú àgbàlá àti lójú títì. Èèyàn ń sùn lókè àwọn ilé ọtí yẹn. Ní February 2018, wọ́n tiẹ̀ dìbò ní àgbègbè keje bóyá kí wọ́n máa ti ilé ọtí láago méjìlá òru; àwọn tó jáde dìbò ò pọ̀ tó, ni ọ̀rọ̀ náà bá wọmi. Ti Prague ò wọmi. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìlú náà fòfin de kí amọ̀nà máa kó èèyàn kiri ilé ọtí láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Torí náà, ẹni tó bá ní kó o lọ ṣe é ní Prague dípò Budapest, ìròyìn àtijọ́ ló ń sọ.

Ọjọ́bọ̀ ni kó o dé tó bá ṣeé ṣe, kó o bá ẹgbẹ́ jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní Sátidé, àwọn ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá ọ̀rẹ́ wọn ṣe ìdágbére àpọ́n ló máa kún ẹgbẹ́ náà, wọ́n á wọ aṣọ kan náà, ara wọn nìkan ni wọ́n sì máa ń bá sọ̀rọ̀.