Àkùkọ kọ, àkùkọ ò kọ, ilẹ̀ á mọ́: kí ló túmọ̀ sí?

Ìyàwó ilé kan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ló béèrè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń ta ẹja l'ọ́jà Olúwo, bí ìyàwó yìí bá sì sùn gbàgbé, ìyá á ní, "Àkùkọ kọ, àkùkọ ò kọ, ilẹ̀ á mọ́." Ṣé èébú ni? Kí sì ni àkùkọ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́ nígbà tí òkùnkùn ṣì ṣú?

Èébú kọ́, ìyá ń pè yín jí ni. Ẹni tó rò pé òun ni ọjọ́ ń dúró dè la fi ń pa òwe yìí fún, ẹja tútù ò sì ní sùúrù.

Ohun tí òwe ò sọ ni pé àkùkọ náà ò dúró de ilẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní Japan ti àkùkọ mọ́ yàrá tí iná bàìbàì ò kú tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀, wọ́n ń kọ, ìyípo kan tó bíi wákàtí 23.7. Àwọn onímọ̀ náà tún rí i lẹ́yìn náà pé ọ̀gá inú àwọn àkùkọ ló ń kọ́kọ́ kọ, àwọn yòókù á tẹ̀lé e bí ipò ṣe rí. Àgbà wà láàrin adìyẹ!

Aago kan ló ń sọ àkókò fún àkùkọ, inú ara rẹ̀ ni aago yẹn sì wà. Eṣinṣin kéékèèké tó ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù ló tú àṣírí rẹ̀. Ìdin rẹ̀ á di eṣinṣin nínú èèpo tó fi bo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń jáde, kí oòrùn má bàa gbẹ ìyẹ́ rẹ̀ kó tó nà án. Lọ́dún 1971, àwọn onímọ̀ méjì, Konopka àti Benzer, rí àwọn eṣinṣin tó ń jáde ségesège: ọjọ́ àwọn kan jẹ́ wákàtí 19, ti àwọn kan 28, àwọn kan ò tilẹ̀ ní àkókò. Jíìnì kan náà, ìyẹn àṣẹ inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ló yàtọ̀ lára gbogbo wọn, period lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe purotéènì kan. Tó bá pọ̀ tán lóru, purotéènì náà á padà lọ pa jíìnì lẹ́nu mọ́. Tó bá jẹrà tán, jíìnì á tún bẹ̀rẹ̀. Àlàyé yìí ló fún àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Hall, Rosbash àti Young, ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017. Adìyẹ nírú jíìnì bẹ́ẹ̀, èèyàn náà ní in.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń tún aago náà tò. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá jí, ẹ má jókòó sí yàrá. Ẹ gba ìta lọ láàárọ̀, kí ẹ sì fi fóònù sílẹ̀ lálẹ́.