Yanrìn Abaji: má kó gbogbo owó rẹ lé zircon

Àbúrò, o ní o gbé òkúta yanrìn ní etí títì Abaji sí Koton-Karfe, ọ̀gá rẹ sì ní kí o fi èròjà inú rẹ̀ wá ibi tó ti ṣẹ̀. O wá ń béèrè bóyá kí o kó owó ọwọ́ rẹ lé kí láàbù wọn ọjọ́ orí zircon, hóró kékeré líle tó wà nínú yanrìn náà. Èmi ò ní kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Púpọ̀ nínú granite tó yí agbègbè Bida, níbi tí òkúta yanrìn rẹ wà, ká, láti Niger dé Kogi títí kan Èkìtì, ni ọjọ́ orí wọn súnmọ́ 600 mílíọ̀nù ọdún. Bí zircon rẹ bá sọ 600, ilé ló dárúkọ, kò dárúkọ yàrá. Younger Granites ti Jos ló yàtọ̀: ọjọ́ orí tiwọn wà láàárín nǹkan bíi 213 sí 141 mílíọ̀nù ọdún.

Ṣùgbọ́n kí o tó pariwo Jos, lọ wo ẹ̀rọ ìfọ́kúta ná. Ìgbà kan, cassiterite, èròjà tánganran dúdú dídán, ń yọ nínú yanrìn tí mo kó lọ sí láàbù kan. Òkúta tánganran láti Jos ni wọ́n lọ̀ kẹ́yìn, wọn ò sì nu ẹ̀rọ náà. Owó mi ṣòfò o! Láti ìgbà náà, òkúta quartz funfun ni mo ń kọ́kọ́ lọ̀, màá wo ohun tó bá a jáde, kí n tó da tèmi sí i.

Ojú òkúta tí òjò àti oòrùn ti jẹ, má kó o. Feldspar ibẹ̀, èròjà granite tó máa ń jẹrà, ti di kaolin, amọ̀ funfun, quartz nìkan lo máa kà, wàá wá kọ ọ́ pé ọ̀nà jíjìn ni yanrìn náà ti rìn wá. Wá ibi tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Bí o bá rí microcline, irú feldspar kan, tí ara rẹ̀ ṣì le, tí igun rẹ̀ ò tíì bọ́, àpáta tó bí i ò jìnnà.

Èròjà wíwúwo ni kí o lo àkókò lé lórí. Fi igbá fọ yanrìn náà bí àwọn tó ń wa góòlù ṣe ń fọ̀ ọ́, kí o fi mágínẹ́ẹ̀tì yọ magnetite, èròjà irin. Ìyókù lo máa dà sínú omi kẹ́míkà tó wúwo ju quartz lọ: quartz, tó wúwo ju omi lásán lọ ní ìlọ́po 2.65, á léfòó, zircon, tó ju ìlọ́po 4.6 lọ, á rì. Bromoform ṣe é, àmọ́ májèlé ni. Sodium polytungstate, irú omi kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ mìíràn, ni kí o bẹ̀ wọ́n fún. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n o lè gbẹ omi rẹ̀ kí o tún un lò. Nínú èyí tó rì, staurolite àti kyanite ń tọ́ka sí schist, àpáta tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yí padà, wọn kì í ṣe ọmọ granite. Zircon, tourmaline àti rutile kì í tètè jẹrà, àwọn ni Hubert, onímọ̀ òkúta, fi ṣe ìwọ̀n ZTR rẹ̀ ní 1962: ìdá tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó nínú èròjà wíwúwo tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ZTR bá ga, tí zircon sì yí roboto lẹ́gbẹ̀ẹ́ feldspar tútù, orísun méjì ni kí o máa wá: ó lè jẹ́ pé òkúta yanrìn àtijọ́ kan ló tún fọ́ dà sí i. Fi kọ́ḿpáàsì wọn ìhà tí cross-bedding, ìlà dídagun inú òkúta tó ń fi ibi tí omi ṣàn sí hàn, dà sí níbi tí o ti gbé òkúta náà, kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn èyí, bí owó bá ṣẹ́kù, kó zircon lọ. Má ṣa àwọn tó dán nìkan. Vermeesch, onímọ̀ òkúta, ṣírò rẹ̀ ní 2004 pé hóró zircon 117 ló yẹ kí a wọn ọjọ́ orí wọn kí ó tó dá wa lójú, ní ìwọ̀n 95%, pé a ò fo orísun kankan tó kó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wá. Iye tí láàbù bá ń gbà lórí hóró kọ̀ọ̀kan, fi sọ ọ́ di ìlọ́po 117 kí o tó bá wọn ṣe àdéhùn.