Bàtà Síkì: Ẹ Wọn Ẹsẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Calgary, ní Kánádà, ní kí n wá lóṣù Kejì, àwọn á mú mi lọ kọ́ síkì, eré tí wọ́n ń fi pátákó gígùn méjì lẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín. Bàtà 42 ni mo ń wọ̀. Mo rí bàtà síkì tokunbo kan níbí, 28.5 ni wọ́n kọ sí i lára. Oníbàtà ní 44 nìyẹn, pé bí mo bá wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, á bá mi mu. Ṣé kí n rà á? — Ọ̀gbẹ́ni kan ní Sábó, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Ó tóbi jù, ìbọ̀sẹ̀ méjì kò sì lè tún un ṣe. Bàtà síkì kì í ṣe bàtà ìrìn. Òun ló ń gbé agbára ojúgun yín lọ sára pátákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń yọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, pátákó ò ní tètè gbọ́, ibẹ̀ lẹ ó sì ti ṣubú. Ẹni tí bàtà rẹ̀ tóbi á tún fẹ́ fi ìdè irin fún un pa, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ọmọ ìka, òtútù á wá mú un ju ẹni tí bàtà rẹ̀ ṣe rẹ́gí lọ. Ìbọ̀sẹ̀ méjì máa ń ká jọ, á sì bó ẹsẹ̀. Ẹyọ kan péré, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ga ju ẹnu bàtà lọ, tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, ló dára. Òwú lásán máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Ẹ má ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú bàtà.

Nọ́ńbà ara bàtà síkì, gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà ni. Nítorí náà, ẹ gbàgbé 42 yẹn, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ yín nílé. Lálẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ẹ tẹ́ ìwé sórí sìmẹ́ǹtì, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri, ẹ dúró kí ara lè tẹ ẹsẹ̀ náà dáadáa, kí ẹlòmíràn fi bírò sàmì síbi tí ìka tó gùn jù dé. Ẹsẹ̀ méjèèjì kì í sábà dọ́gba; èyí tó gùn jù ni kí ẹ mú. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bàtà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 98, ti àárín 100, èyí tó fẹ̀ 102 sókè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, bàtà tó fẹ̀ ni kó béèrè, kó má lọ mú èyí tó gùn jù ú lọ. Àṣìṣe yìí ló ń ba ọjọ́ àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ jẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n yọ bàtà inú, ìyẹn èyí tó rọ̀ tó wà nínú ike líle ìta, kúrò. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ ike ìta nìkan, kí ìka fara kan iwájú, kí ẹ wá wo àyè tó kù lẹ́yìn gìgísẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 2 ló dáa. Bàtà inú rọ̀ bíi tìmùtìmù, ó máa ń tanni jẹ nígbà tó bá wà ní tuntun. Bí ẹ bá lò ó fọ́jọ́ mélòó kan, á tẹ̀, àyè á sì pọ̀ sí i. Ike ìta kì í yí padà.

Ẹ wá wọ ọ́ pọ̀ mọ́ bàtà inú, ẹ fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè wọ ẹ̀yìn, ẹ de ìdè òkè kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, tìsàlẹ̀ ò sì gbọdọ̀ fún. Bí ẹ bá nàró, ìka á fara kan iwájú. Bí ẹ bá tẹ orúnkún síwájú, á sún sẹ́yìn. Á dà bíi pé ó kéré. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí kò yẹ ni kí gìgísẹ̀ máa gbéra, kí ojú kan máa ta yín, tàbí kí ẹsẹ̀ kú. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó pinnu.

Nọ́ńbà kejì tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní flex, ń sọ bí bàtà ṣe le tó. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè mú 80 sí 100, obìnrin 60 sí 80. Òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ orúnkún síwájú wò.

Ní tiwa, ẹ yá a lọ́hùn-ún. Wọ́n á bi yín ní ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n ara yín, torí ohun tí wọ́n fi ń tún ìdìmú orí pátákó ṣe nìyẹn, kó lè já ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá ṣubú. Ẹ má bu kún ìwọ̀n ara, ẹ má sì yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé síkì ìsọ̀kalẹ̀ òkè lẹ fẹ́. Irú èyí tí Samuel Ikpefan ṣe fún Nàìjíríà ní ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing lọ́dún 2022, tí wọ́n ń pè ní cross-country, yàtọ̀: bàtà rẹ̀ rọ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì máa ń gbéra.

Ìbéèrè: Àǹtí mi fi bàtà síkì ránṣẹ́ láti Jámánì ní nǹkan bí ọdún 12 sẹ́yìn. Inú páálí ló wà látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí. Ṣé mo lè gbé e dání lọ? — Òǹkàwé kan ní Àgbádárìgì

Ìdáhùn: Ẹ fi sílẹ̀. Ike tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, polyurethane, ọ̀rinrin àti ooru ló ń jẹ ẹ́ láti inú, àwọn méjèèjì ló sì pọ̀ létí òkun níbẹ̀ yẹn. Ó lè máa dán síbẹ̀, kó wá fọ́ yángá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nígbà tí òtútù bá mú un. Pé ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ kò dá ìjẹrà yẹn dúró.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 7 ni tèmi. Ṣé kí n ra èyí tó fi díẹ̀ tóbi, kó lè wọ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀? — Ìyá ọmọ kan, Ẹ̀pẹ́

Ìdáhùn: Rárá, ìyá wa. Bí àyè tó kù nínú bàtà bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ níwájú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní lè darí pátákó. Ẹ yá a fún ọjọ́ tí ẹ máa lò níbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ọmọ náà lè tẹ orúnkún síwájú fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, ike yẹn ti le jù fún un, ẹ gba èyí tó ní ìdè kan tàbí méjì.