Mánéjà Kọ́ Ló Ni Físà Yín

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ care, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni mo bá wá sí ìlú ọba ní 2023. Àwa tá a wá láti Nàìjíríà àti Zimbabwe ni wọ́n máa ń fi iṣẹ́ òru àti Sọ́ńdè sílẹ̀ fún. Àwọn òyìnbó ló ń yan èyí tó wù wọ́n. Mánéjà ní bí mo bá tún sọ̀rọ̀, òun á fagi lé físà mi, Ìkẹjà ni màá ti bá ara mi. Ẹnì kan ní WhatsApp lóun á bá mi ra COS (Certificate of Sponsorship, ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun) mìíràn. Ṣé kí n sanwó?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. COS kì í ṣe ọjà Balógun. Ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ Home Office, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí físà, ló ń fi í gba òṣìṣẹ́, wọn kì í tà á. Ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, tí kò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tó ń bójú tó àwọn agbani-nímọ̀ràn físà, tó wá ń gbani nímọ̀ràn físà, arúfin ni.

Ọ̀rọ̀ mánéjà yìí gan-an ló ń bí mi nínú, torí irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mánéjà ò lè fagi lé físà. Home Office ló fún yín, àwọn nìkan ló lè gbà á. Ohun tí mánéjà lè ṣe ni kó dá yín dúró, kó sì fi tó Home Office létí. Wọ́n á wá kọ̀wé sí yín. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fúnni, bí físà yín bá ṣì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ìyẹn, ẹ lè wá sponsor mìíràn, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó lè fún yín ní COS. Mi ò sọ pé 60 ọjọ́ pọ̀ o. Láti July 2025 ni wọ́n ti tilẹ̀kùn iṣẹ́ care mọ́ àwọn tó fẹ́ wọlé láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà ńlẹ̀ ṣì lè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn.

Equality Act 2010, òfin tó dènà ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbi iṣẹ́, ò bi yín ní àwọ̀ páásípọ́ọ̀tù. Ọmọ orílẹ̀-èdè tí èèyàn jẹ́ wà lára ohun tí òfin yẹn kà sí ẹ̀yà. Àmọ́ iṣẹ́ òru nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí adájọ́ á wò ni ẹni tí wọ́n fún àti ẹni tí wọn ò fún. Oníbàárà mi kan ya fọ́tò rota (ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́) oṣù mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi bírò pupa yí orúkọ àwọn àlejò ká. Bébà yẹn sọ̀rọ̀ jù mí lọ. Ẹ ya tiyín kí wọ́n tó ká a kúrò lára ògiri.

Oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan ni kí ẹ kà sí gbèdéke yín láti gbé ẹjọ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà yìí lọ. Wọ́n ń sún un lọ sí mẹ́fà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Ọ̀dọ̀ Acas, àjọ tó ń bá òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá parí ìjà, lẹ ó kọ́kọ́ lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tún wo payslip yín: àkókò tí ẹ fi ń lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, wákàtí iṣẹ́ ni.

Mi ò tíì rí ìwé yín, nítorí náà ìmọ̀ràn gbogboogbò lèyí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á kí ẹ tó fẹjọ́ sùn, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kankan tí mánéjà bá gbé síwájú yín. Ọ̀gbẹ́ni WhatsApp yẹn, ẹ dínà mọ́ ọn lónìí.