Ẹ gba lọ́yà, àmọ́ kì í ṣe lọ́yà kí lọ́yà

Ìyá Tóbi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ẹ̀rọ tó ń di omi sínú ọ̀rá ká àbúrò yín lọ́wọ́ mọ́ níbi iṣẹ́ lọ́nà Ọ̀dà, ọ̀gá rẹ̀ sì gbé 100,000 náírà wá pẹ̀lú ìwé pé kó buwọ́ lù ú, tó ń sọ pé bó bá gba lọ́yà, lọ́yà ni yóò jẹ owó náà tán. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gba lọ́yà, àmọ́ ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ máa gbà.

Sọ́míìlì kan níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fá pákó mú ọwọ́ ọ̀tún mi. Ìka méjì lọ. Lọ́yà tí àwọn ẹbí mi kọ́kọ́ mú wá, èèyàn dáadáa ni. Òun ló máa ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òun náà ló máa ń gba béèlì àwọn ọmọ àdúgbò. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ọ̀gá mi lówó. Ó fẹ́ ká lọ bá àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n gbé ọkùnrin náà, pé bó bá ti sùn sẹ́yìn kántà, yóò sanwó. Lọ́yà obìnrin kan tí nọ́ọ̀sì júwe fún wa lẹ́yìn ìyẹn kò tilẹ̀ dárúkọ owó ọ̀gá. "Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀? Ta lẹ sọ fún? Ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?" Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ni mo bọ́ sí.

Òfin tó de ọ̀rọ̀ ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010, kì í fi ọjọ́ ṣeré. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó farapa. Ìwé ìbéèrè owó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún kan tó pé. Àjọ yìí ló ń gba 1% àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, àpò ara rẹ̀ sì ni ọ̀gá ti gbọ́dọ̀ san án, kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Ọ̀gá tí kì í san án ló sábà máa ń sáré gbé ìwé wá. Ẹ má sì rò pé inú ọgbà ilé iṣẹ́ nìkan ni òfin náà mọ: ẹni tó farapa lójú ọ̀nà láti ilé rẹ̀ sí ibi iṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ìwé tí wọ́n gbé wá fún èmi, ojú ewé kan ṣoṣo ni. Òkè rẹ̀ dùn, wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní bí ọmọ ni mo jẹ́ sí wọn. Ìlà tó kẹ́yìn ló ní mi ò ní béèrè ohunkóhun mọ́ láé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́yà mi fi báírò fàlà sábẹ́ ìyẹn, ó ní òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá ṣàdéhùn pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun. Síbẹ̀, ó ní kí n má fọwọ́ sí i, nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń mú ẹjọ́ falẹ̀. Owó ìtọ́jú ní tiẹ̀, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ kọ ríṣíìtì pé owó ọsibítù ni. Ìwé tí ọ̀gá àbúrò yín gbé wá ni kẹ́ ẹ yà ní fọ́tò, kẹ́ ẹ dá a padà fún un.

Ìwé dókítà ló fa wàhálà jù. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi kò sọ ju pé mo farapa lọ́wọ́, lọ́yà mi sì ní kí n dá a padà. Àtẹ kan wà lẹ́yìn òfin náà tó pín ara sí wẹ́wẹ́: ìdá tí wọ́n ń kà fún àtàǹpàkò yàtọ̀ sí ti ọmọńdinrín, oríkèé kan kì í ṣe ẹgbẹ́ méjì. Bí dókítà kò bá kọ ìka wo àti oríkèé wo, kí làwọn tó ń ṣírò fẹ́ ṣírò? Dókítà náà fi rúlà wọn èyí tó kù, ó ní kí n di kọ́ọ̀pù mú. Kọ́ọ̀pù bọ́. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ní ti owó lọ́yà, òfin iṣẹ́ wọn gbà kí wọ́n bá èèyàn ṣàdéhùn ìdá kan nínú ohun tí ẹjọ́ bá mú wá, bó bá ṣáà ti mọ níwọ̀n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìdá tirẹ̀, ẹni tí yóò san owó kóòtù, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Èyí tó bá ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ ná, a ò ní jà sówó", ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ bi í pé kóòtù wo ló ń gbé irú ẹjọ́ yìí lọ. Bó bá ní májísíréètì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. National Industrial Court ló ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, wọ́n sì ń jókòó ní Àkúrẹ́ níbí. Bí owó tó ń wọlé fún àbúrò yín kò bá ju 70,000 náírà lóṣù, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn tí kò lówó ní lọ́yà. Ọ̀fẹ́ ni, ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn èèyàn rò pé ti ẹlẹ́wọ̀n nìkan ni.

Wọ́n á sọ fún yín pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀gá tèmi kò wá kí mi lọ́sibítù, kò sí ọ̀rẹ́ tí mo fẹ́ bà jẹ́. Nígbà tí ìwé kóòtù dé ọwọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ àdéhùn wa sínú ìdájọ́. Kì í ṣe owó tí wọ́n fi ń kọ́lé, àmọ́ ó ju owó tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá pẹ̀lú ìwé yẹn lọ fíìfíì.

Ẹ ò sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Bí ọjọ́ 14 kò bá tíì pé, kí ẹnì kan bá a kọ lẹ́tà lónìí, kí ẹni tó bá gbà á níbi iṣẹ́ buwọ́ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Bó bá sì ti kọjá, ẹ sọ fún lọ́yà pé ọ̀gá mọ̀ sí i, torí òfin fàyè sílẹ̀ fún ìyẹn. 100,000 náírà tó gbé wá àti fọ́tò ìwé yẹn ni ẹ̀rí yín.