Ẹ kó server yín jọ, ṣùgbọ́n ẹ ra ẹ̀rọ méjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní server márùn-ún (kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn yòókù) tó ti gbó ló wà ní ọ́fíìsì yín ní Kàdúná, owó dísẹ́ẹ̀lì ń pa yín, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ kó gbogbo wọn sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo pẹ̀lú virtualization, ọgbọ́n tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣe bí ọ̀pọ̀. Ẹ kó wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí ní Garki, Àbújá níbí, torí ẹyọ kan lèmi náà rà.

Ẹ̀rọ yẹn dà bí ilé. Hypervisor, software tó ń pín agbára ẹ̀rọ náà, ni onílé; àwọn VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé inú rẹ̀, ni ayálégbé; kálukú ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́, IBM ti ń fi ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńláńlá wọn láti ìparí àwọn ọdún 1960. KVM, hypervisor tó wọ inú Linux ní 2007, ni software Proxmox tí mo ń lò jókòó lé, èèyàn sì lè lò ó láìsan kọ́bọ̀.

Èrè rẹ̀ kò pẹ́ kó tó hàn. Server mẹ́rin la ní tẹ́lẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú wọn kì í lo ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Wọ́n kàn ń jẹ iná, wọ́n ń gbóná, AC ń bá wọn wọ̀yá ìjà. Nígbà tá a kó wọn jọ, inverter tí kì í gbé wa ju ogójì ìṣẹ́jú lọ wá ń gbé wa fún wákàtí mẹ́ta. Software ìṣirò owó wa tí kò gbà ju Windows Server 2008 lọ, a gbé e wọlé bó ṣe wà. Microsoft ti jáwọ́ nínú àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows yìí láti oṣù kìn-ín-ní 2020, nítorí náà mo ti ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn pátápátá.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Mo ya snapshot, ìyẹn àwòrán bí VM ṣe wà lásìkò yẹn, kí n tó ṣe update kan, mo sì gbàgbé láti pa á rẹ́. Snapshot ń pa ohun àtijọ́ mọ́, gbogbo ohun tuntun tẹ́ ẹ bá wá kọ ń gba àyè kún un. Ó ń wú lọ bẹ́ẹ̀ títí disk fi kún ní ọjọ́ tí a fẹ́ san owó oṣù. Gbogbo VM dúró lẹ́ẹ̀kan náà. VM ti account bàjẹ́, backup rẹ̀ (ẹ̀dà tá a pa mọ́) sì wà lórí disk kan náà. Fáìlì tí mo kọ password sí gan-an wà nínú VM tí kò fẹ́ jí! Rísíìtì ọjọ́ mẹ́sàn-án la tún tẹ̀. Àǹtí tó ń bójú tó owó wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín páálí méjì, ó ń ka nọ́ńbà jáde, mo ń tẹ̀ ẹ́, títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi snapshot pe backup láéláé.

Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀rọ méjì tó mọ níwọ̀n dípò ńlá kan. Kí backup máa lọ sórí disk kẹta tí kò sí nínú ìkankan wọn, kí ẹ sì máa dá a padà wò lóṣooṣù bóyá ó ń ṣiṣẹ́. RAM (àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mú) ni kẹ́ ẹ náwó lé ju CPU (ọpọlọ rẹ̀) lọ. Ẹ má ṣèlérí fún àwọn ayálégbé ju èyí tó wà nílé lọ, torí bó bá tán, Linux á pa ọ̀kan nínú wọn láìbèèrè. Ẹ to bí wọ́n á ṣe máa jí lẹ́yìn tí NEPA bá mú iná lọ: DNS (tó ń fi orúkọ wá ẹ̀rọ) àti domain controller (tó ń yẹ password àwọn òṣìṣẹ́ wò) kọ́kọ́, database (ibi tí àkọsílẹ̀ wà) tẹ̀ lé e, kí software account wá gbẹ̀yìn. Bí software yín bá ń lo dongle USB (kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà kí software tó ṣí), ẹ dán an wò nínú VM kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun. Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀ ní tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ẹ fi ti account sẹ́yìn. Ọ̀sán Jímọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e, nígbà tí ọ́fíìsì bá ti dá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí server àtijọ́ lo oṣù kan ní pípa nínú yàrá yẹn kẹ́ ẹ tó tà á.