Ìbéèrè Yín Lórí Ọ̀kadà: Ṣóòkì Ló Ń Gbé E Ró

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí mo ra ọ̀kadà àlòkù kan, irú CG 125 tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti wà nílẹ̀ fún bí ọdún kan, torí òun ti ra mọ́tò. N kò gun ọ̀kadà rí kí n tó rà á. Láàárọ̀, mo lè kíìkì í tó ogún ìgbà. Tí mo bá fa ṣóòkì, á dáhùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá ṣóòkì padà, ó kú. Mẹkáníìkì kan yí síkúrù kan, ọ̀kadà wá ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Kò kú mọ́ lóòótọ́, àmọ́ tí mo bá ki jíà kìíní, á fò síwájú bí ewúrẹ́. Ó ti wá ní kí n lọ ra kàbúrétọ̀ tuntun, kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì. Ṣé kí n rà wọ́n?
— Olùkọ́, Ìsánlú

Òkun o, olùkọ́. Má tíì ra nǹkan kan.

Ọ̀kadà yẹn ti jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é, ẹnu ṣóòkì ló fi sọ ọ́. Ohun tí ṣóòkì ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí epo lè pọ̀ sí i nínú ohun tí ẹnjíìnì ń mu. Ẹnjíìnì tó tutù nílò rẹ̀, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́ tí bẹntiróòlù kì í tètè di oru. Ìṣẹ́jú kan sí méjì, ó yẹ kó ti tó o. Èyí tó bá gbóná tán tí kò tún lè dá dúró láìsí ṣóòkì, ebi epo ló ń pa á. Ká ní iná púlọ́ọ̀gì ni kò sí, o lè fa ṣóòkì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dáhùn. Nítorí náà, jẹ́ kí kọ́ìlì, tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á.

Wàyí o, ọdún kan tó fi wà nílẹ̀ ni mo fura sí. Bẹntiróòlù tó bá pẹ́ nínú kàbúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹnjíìnì, máa ń gbẹ, á sì fi ohun kan sílẹ̀ tó ń lẹ̀ bí oje igi kajú. Nínú kàbúrétọ̀, jẹ́ẹ̀tì méjì ló wà, ìyẹn idẹ kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá. Èyí tó tóbi ló ń bọ́ ẹnjíìnì nígbà tí o bá ń sáré. Èyí tó kéré, tí àwa ń pè ní sílò jẹ́ẹ̀tì, ló ń bọ́ ọ nígbà tí o bá dúró jẹ́ẹ́, ihò rẹ̀ kò sì tó ìdajì mìlímítà. Oje díẹ̀ péré, ó ti dí. Ìdí rèé tí ọ̀kadà rẹ fi lè sáré dé Mọ̀pà láìkú, tó wá ń kú nígbà tó bá dúró.

Kí o tó tú ohunkóhun, wá ìgò tó mọ́ gaara. Ti táápù epo, kí o tú síkúrù kékeré tó wà nísàlẹ̀ kàbúrétọ̀, kí o sì gba epo inú rẹ̀ sínú ìgò náà. Kí ẹnjíìnì tutù kí o tó ṣe é o, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Gbé ìgò náà sílẹ̀ díẹ̀. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, abẹ́ ni wàá ti rí i bíi gilóòbù. Àwa tí a ń ra epo inú gálọ́ọ̀nù lẹ́bàá títì, ẹ jẹ́ ká máa wo èyí dáadáa. Mo ti rí ọ̀kadà tí wọ́n pààrọ̀ ìdajì ẹ̀yà ara rẹ̀ tán, tó sì jẹ́ pé omi ojò ló wà nínú tánkì.

Tí epo bá mọ́, ní kí wọ́n sọ kàbúrétọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n yọ sílò jẹ́ẹ̀tì, kí o sì gbé e sókè wo oòrùn. Bí o kò bá rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Kàbà, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo fi gún un. Ó là lóòótọ́. Àmọ́ idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, irin sì le jù ú lọ, mo ti sọ ihò di fífẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀kadà oníbàárà ń mu epo bí ọ̀mùtí, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó kàn ní kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé fún oṣù kan, kí n lè mọ ohun tí epo tọ́ sí. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ni kí wọ́n fi fẹ́ ẹ. Bí kò bá là, rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù mọ́jú, kí o fi fọ́nrán kan ṣoṣo láti inú wáyà iná ilé tì í. Kọ́pà rọ̀, kò ní ṣe é léṣe.

Tí jẹ́ẹ̀tì bá mọ́ tí ẹjọ́ ṣì jẹ́ ọ̀kan náà, afẹ́fẹ́ ló ń jí wọlé láàárín kàbúrétọ̀ àti ẹnjíìnì. Rọ́bà ibẹ̀ máa ń sán. Jẹ́ kí ẹnjíìnì máa ṣiṣẹ́, kí o wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí oríkèé yẹn. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, o ti rí ibi tó ń jò. Omi ni mo wí o, kì í ṣe epo.

Síkúrù tí mẹkáníìkì yí sókè yẹn ló bí mi nínú jù. Kò wo ọ̀kadà rẹ sàn, ariwo ló fi bo ikọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń fò yẹn sì lè gbé akọ́ṣẹ́ sínú kòtò, nítorí pé ẹnjíìnì tó ń sáré ni o ń ki jíà bọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ kàbúrétọ̀ tán, kí wọ́n dá síkúrù yẹn padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Síkúrù kejì wà, tó ń pín epo àti afẹ́fẹ́. Yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ìdí, má fún un le jù, kí o wá yí i jáde ní ìlọ́po kan ààbọ̀. Láti ibẹ̀, fi etí ṣe é nígbà tí ẹnjíìnì bá ti gbóná. Bó bá wà lápá fíltà, afẹ́fẹ́ ló ń darí, bí o bá ń yí i wọlé, epo ń pọ̀. Bó bá wà lápá ẹnjíìnì, òdìkejì ni. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò mọ ìyàtọ̀ yìí, wọ́n kàn ń yí i ni.

Púlọ́ọ̀gì nìkan ni n kò ní bá ọ jiyàn lé lórí, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n wo ti àtijọ́ kí o tó sọ ọ́ nù. Tí ẹnu rẹ̀ bá funfun, ebi epo náà nìyẹn. Tó bá dúdú, epo pọ̀ jù. Àwọ̀ obì gbígbẹ la fẹ́. Àlàfo ẹnu rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.7 mìlímítà lọ. Ní ti tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo orí fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọ ẹnjíìnì tí èéfín sì ń gbà jáde, 0.08 mìlímítà ni Honda, tó kọ́kọ́ gbé CG jáde ní 1976, fi sí i, nígbà tí ẹnjíìnì bá tutù. Èyí tó bá fún jù kì í jẹ́ kí fáàfù tì dáadáa, kíìkì láàárọ̀ á sì di ìjàkadì.

Bàbá, èmi ni mò ń gbé ẹrù lọ ọjà láti Ẹ̀kìnrìn-Àdé. Ọ̀kadà mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, á kú. Tí mo bá sinmi díẹ̀, á tún ṣiṣẹ́.
— Ìyá oníṣu

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ wo abẹ́ ìdérí tánkì yín. Ṣé ẹ fi ọ̀rá dí i kí epo má baà máa ta jáde? Ihò kékeré kan wà lára ìdérí yẹn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tí ẹ bá dí i, epo ò ní lè ṣàn wá sísàlẹ̀, bíi ti ike omi tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tó bá tún kú, ẹ ṣí ìdérí náà. Bí ẹ bá gbọ́ "ṣíìì," ẹ yọ ọ̀rá dànù, kí ẹ ra rọ́bà ìdérí tuntun.